Ìbéèrè: Báwo ni ètò ìlò ilẹ̀ ṣe lè dáàbò bo ẹ̀dá inú igbó Omo, Oluwa àti Shasha, kí iṣẹ́ gẹdú má sì parẹ́?

Afètòsílẹ̀ béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ ètò ìlú àti ìgbèríko ni mo kọ́, mo sì ń kọ àbá kan lọ́wọ́ lórí bí a ṣe lè fi ètò ìlò ilẹ̀ kan ṣoṣo kó igbó ọba mẹ́ta pọ̀: Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, Oluwa ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, àti Shasha ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹni tó bá mọ agbègbè náà mọ̀ pé ìwé ìjọba ló pín wọn sí mẹ́ta. Ẹranko tó ń rìn nínú wọn kò mọ ààlà kankan. Omo nìkan fẹ̀ tó 130,500 hẹ́kítà. Nínú gbogbo rẹ̀, 460 hẹ́kítà péré ni apá tí wọ́n ti sọ láti ìgbà pípẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé igi níbẹ̀ rárá, èyí tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà, sì fọwọ́ sí ní 1977. Oko melina (igi ilẹ̀ òkèèrè kan tó ń yára dàgbà), oko kòkó, abúlé, ilẹ̀ tí àwọn agégẹdú ti gé tán, àti igbó tó ṣì dúró ló pín ìyókù mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Gbogbo ìwé tí mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí ló ní kí ìjọba wá ọ̀nà tí iṣẹ́ igi àti ààbò ẹ̀dá inú igbó yóò fi jọ wà, ṣùgbọ́n n kò rí èyí tó sọ ibi tí ènìyàn yóò ti kọ́kọ́ fi kálàmù lélẹ̀ lórí máàpù. Erin igbó ṣì wà ní Omo. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìjẹ̀bú, ní Oǹdó àti ní Ifẹ̀ ló sì ń jẹun nídìí pákó, láti orí ẹni tó ń gé igi dé orí ẹni tó ń kan àga. Àwọn kan ní kí a dá gígé igi dúró pátápátá. Àwọn mìíràn ní ẹran kò gbọdọ̀ gba ilẹ̀ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. N kò rí èyí tí ó lè dúró nínú méjèèjì.

Nítorí náà, ibo ló yẹ kí oko igi wà? Ṣé 460 hẹ́kítà tó fún ohun tí a fẹ́ dáàbò bò? Ta ni yóò sì máa san owó oṣù àwọn ẹ̀ṣọ́ níbi tí a kò ní gé igi kankan tà? Inú mi yóò dùn bí ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ igbó bá lè dá mi lóhùn.

Ògbó Aṣọ́gbó dáhùn:

Ọmọ mi, ìbéèrè gidi ni o béèrè. Iṣẹ́ àbójútó igbó ni mo fi ìgbà agbára mi ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, n ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ohun tí a ti dán wò yóò tún un dán wò.

Nígbà tí àwọn òyìnbó ya igbó ọba sọ́tọ̀, kí gẹdú má baà tán ni wọ́n ṣe yà á. Kò sí ẹni tó ń ro ti erin tàbí ti ọ̀bọ. Ní 1944 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan tí wọ́n gbà pé yóò mú kí igi tó níye lórí máa hù fúnra rẹ̀ lábẹ́ àwọn igi ńlá. Wọ́n á gé ìtàkùn, wọ́n á fi oògùn olóró pa àwọn igi tí ọjà kò fẹ́, kí oòrùn lè ráyè dé ọ̀dọ̀ àwọn ìrókò àti ọ̀gànwó kéékèèké tó wà nísàlẹ̀. Oòrùn wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtàkùn ló kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀, ó sì bo àwọn ọ̀dọ́ igi náà mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di àwọn ọdún 1960, wọ́n ti ń pa ọ̀nà náà tì. Ohun tó dùn mí jù nínú rẹ̀ ni pé lára àwọn igi tí wọ́n fi oògùn pa bí igi tí kò wúlò, púpọ̀ ni ọjà ń wá lójú méjèèjì lónìí.

Oko igi ló rọ́pò rẹ̀. Wọ́n á gé igbó mọ́lẹ̀ pátápátá, wọ́n á fún àgbẹ̀ láyè láti gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sáàárín ọ̀dọ́ igi fún ọdún bíi méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́yìn náà àgbẹ̀ á sún sí apá mìíràn, igi á sì gba ilẹ̀ náà. Ètò tọ́ńgíyà nìyẹn. Ní Omo, melina ló gba iwájú, torí pé ilé iṣẹ́ ìwé tó wà ní Iwopin ni wọ́n ń gbìn ín dè. Ilé iṣẹ́ náà kò ṣiṣẹ́ dé ibi tí a fojú sí, melina sì wá di igi pákó àti igi òpó.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí pé kí ló dé tí a kò gbin ìrókò tiwa. A gbìn ín. Kòkòrò tíńtín kan wà tó máa ń yé ẹyin sára ewé ìrókò kékeré. Ewé náà á wú, á di kókó, kókó á là, á jẹrà, orí igi náà á sì kú mọ́lẹ̀. Bí ìrókò bá pọ̀ lójú kan, kòkòrò yìí kì í fi ọ̀kan sílẹ̀. Ti ọ̀gànwó yàtọ̀ díẹ̀: ìdin kan ló máa ń wọ inú ọ̀mùnú rẹ̀, á gbẹ́ ẹ láti inú, igi tó yẹ kó lọ sókè tààrà á wá yọ ẹ̀ka mẹ́rin tàbí márùn-ún láti ìsàlẹ̀, kò sì ní ṣeé là sí pákó mọ́. Nínú igbó tó dàpọ̀, tí ìrókò kan jìnnà sí èkejì, wàhálà méjèèjì kì í pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọpẹpẹ gbà fún wa ní tirẹ̀, oko rẹ̀ sì wà ní Omo. Arère náà lè gbà, torí pé àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ti fi hàn láti àwọn ọdún 1970 pé a lè gé ẹ̀ka rẹ̀ gbìn bí a ti ń gbin igi ẹ̀gẹ́, láì dúró de irúgbìn rẹ̀ tó lè má so fún ọdún púpọ̀.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́ ni pé kí o má ṣe fi oko igi sí ibikíbi tí igbó ṣì dúró. Ilẹ̀ tí a ti gé tán, tí ìtàkùn àti ewé akíntọ́lá ti bò, pọ̀ tó ní igbó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Melina tí a bójú tó dáadáa lè fún wa ní kúbíìkì mítà 15 sí 25 lórí hẹ́kítà kan lọ́dún, nígbà tí igbó àdáyébá tí à ń gé díẹ̀díẹ̀ kì í sábà fún wa ju 1 tàbí 2 lọ. Ilẹ̀ ìba díẹ̀ tí a tọ́jú tó láti bọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìlagi. Ohun tó ń lé àwọn agégẹdú wọ inú igbó ògbólógbòó ni pé a kì í tún oko igi gbìn lẹ́yìn tí a bá ti gé e; owó tí a rí níbẹ̀ á lọ síbi mìíràn, ilẹ̀ á wà lásán.

Mo tún fẹ́ kí o kọ ọ̀rọ̀ òòlù sínú àbá rẹ. Nígbà tiwa, igi kò gbọdọ̀ kúrò ní ìdí rẹ̀ àfi bí ẹ̀ṣọ́ igbó bá ti wọn àyíká rẹ̀, tó rí i pé ó ti tó ìwọ̀n tí òfin sọ, tó sì fi òòlù ìjọba lu àmì sára kùkùté àti sára gẹdú fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá dúró lójú ọ̀nà lè béèrè àmì, kó sì rán ènìyàn padà lọ wo kùkùté. Bí òòlù yẹn bá ti di ohun tí wọ́n ń gbé wá bá gẹdú ní ilé ìlagi, kò sí máàpù tó lè gba igbó là.

Ẹyẹ Àtíòro dáhùn:

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Ohun tí ẹ sọ nípa oko igi ni mo máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo bẹ Afètòsílẹ̀ kó má ṣe gbà pé tí oko igi bá ti wà lórí ilẹ̀ tó ti bà jẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí, torí pé bí igbó tó kù ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn ṣe pàtàkì bí ìwọ̀n rẹ̀.

460 hẹ́kítà kò tó. Kìlómítà onígun mẹ́rin tí kò pé márùn-ún ni, ọdẹ tó mọ̀nà á sì ti la ibẹ̀ já kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ó dára fún àwọn onímọ̀ tó fẹ́ mọ bí igi ṣe ń dàgbà láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n erin kan ṣoṣo kò lè fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ní 2021 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò ẹ̀dá, ya erin igbó sọ́tọ̀ kúrò lára erin ọ̀dàn nínú ìwé rẹ̀, tó sì fi í sí ìpele àwọn ẹ̀dá tó sún mọ́ ìparun jù lọ, nítorí pé iye rẹ̀ ti fi ohun tó ju ìdá 86 nínú 100 dín kù láàárín ọdún 31. Abo erin máa ń lóyún fún oṣù bíi 22. Ẹ̀dá tó ń bímọ bẹ́ẹ̀ kò lè yára dí àlàfo tí ìbọn bá dá sílẹ̀. Yàtọ̀ sí erin, ọ̀bọ kan wà níbẹ̀ tí ọ̀fun rẹ̀ funfun báláú, tí kò sí níbi kankan láyé àfi ní gúúsù Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò.

Ọ̀rọ̀ ẹran yìí kan àwọn onígẹdú gan-an, mo sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Àdán ló ń gbin ìrókò. Ó máa ń jẹ èso rẹ̀ lóru, á gbé irúgbìn náà fò lọ jìnnà, á sì ṣu ú sílẹ̀ níbi tí kò sí ìyá ìrókò nítòsí. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé ìrókò tó jìnnà sí ara wọn ni kòkòrò kì í pa; àdán ló ń mú wọn jìnnà. Erin ló ń gbé kóró ńláńlá bíi ti ààpọ̀n kọjá odò, ọ̀bọ ló ń tú kóró àgbálùmọ̀ ká, àwa àtíòro sì ń gbé èyí tí ọ̀nà ọ̀fun wa bá gbà. Igbó tí a bá ti pa ẹran inú rẹ̀ tán lè dúró fún ọgọ́ta ọdún kí ẹnikẹ́ni tó rí i pé ọ̀dọ́ igi kò sí nísàlẹ̀ mọ́.

Níbo ni kálàmù yóò ti kọ́kọ́ tẹ ìwé? Odò ni. Kí ètò náà fa ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo odò tó kọjá láti igbó kan sí èkejì, kí ó sì sọ pé a kò ní gé igi, a kò ní dáko, a kò ní gbin melina ní bèbè méjèèjì. Igbó tó dára jù tó ṣẹ́ kù sábà máa ń wà níbẹ̀, torí ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, kátákátá àti ọkọ̀ agbégẹdú kò fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́yìn odò, kí o kó àwọn abala igbó ńlá tó ṣì dúró pọ̀ mọ́ ara wọn, kí apá tí a kò ní fọwọ́ kàn lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún hẹ́kítà lọ́nà mélòó kan. Oko igi yóò wá yí i ká.

Èyí kì í ṣe àlá. Ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀, láàárín Allada àti Abomey, igbó kan wà tó ń jẹ́ Lama. Ní 1946 ni ìjọba yà á sọ́tọ̀, ó sì fẹ̀ tó 16,250 hẹ́kítà. Àwọn àgbẹ̀ jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n pinnu pé bí 4,800 hẹ́kítà tó wà láàárín gbùngbùn yóò jẹ́ ti igbó àdáyébá, wọ́n gbin tíìkì yí i ká, àjọ ìjọba tó ń jẹ́ ONAB ń gé tíìkì náà tà, ọ̀bọ ọlọ́fun funfun tí mo sọ sì ń gbé láàárín rẹ̀ títí dòní. Kò pé láìlábùkù, torí ó kéré, ọ̀nà ńlá àti oko sì yí i ká tí ẹran kò rí ibi gbà jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní oko igi àti igbó kò lè jọ gbé, kó lọ wo Lama.

Ohun kan tún kù, ọ̀nà. Ní Congo-Brazzaville, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ẹranko Nouabalé-Ndoki, ilé iṣẹ́ kan tó ń gé igi gbà láti bá àwọn aláàbò ẹranko ṣiṣẹ́ láti òpin àwọn ọdún 1990, ní 2001 ó sì fi apá kan tí igi pọ̀ sí, tí wọ́n ń pè ní Goualougo, sílẹ̀ láìgé. Ohun tí mo rí kọ́ nínú iṣẹ́ wọn jù ni pé lẹ́yìn tí a bá gé igi tán ní apá kan, a gbọ́dọ̀ ti ọ̀nà ibẹ̀ pa: kí a gbẹ́ kòtò sí i, kí a yọ afárá, kí a gbé gẹdú dí i. Ọ̀nà tí agégẹdú là ni ọdẹ ń gùn ní alùpùpù lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun náà ni ẹni tó ń wá ilẹ̀ kòkó ń tọ̀ wọlé.

Ọmọ Olóko Kòkó dáhùn:

Mo kí Bàbá, mo kí ọ̀mọ̀wé. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo sì rí erin, mo rí àdán, mo rí kòkòrò ara ewé, ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ bá dárúkọ àgbẹ̀, ẹni tó ń jẹ igbó lẹ ń pè é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí lọ́dọ̀ wa.

Inú abúlé kan ní etí igbó ọba ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi wọ ibẹ̀ lábẹ́ tọ́ńgíyà tí Bàbá sọ. Ìjọba ló fún un ní ilẹ̀, òun ló ro ìdí melina fún ìjọba. Nígbà tí igi ga, wọ́n ní kó sún síwájú. Nígbà tó yá, kò sí ẹni tó tún sọ ibi tí yóò sún sí mọ́, kò sì sí ilẹ̀ tó ń retí rẹ̀ ní ìlú rẹ̀. Báyìí ni ọ̀pọ̀ wa ṣe di ará igbó. Àwọn kan tún wọlé lẹ́yìn wa tó jẹ́ pé ìwé tí wọ́n sanwó fún ní ọ́fíìsì kan ló wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ wọn mọ̀ pé inú igbó ọba ni. Ètò tó bá fi àwọ̀ ewé kan ṣoṣo kun orí wa lórí máàpù, bí ẹni pé kò sí ènìyàn níbẹ̀, yóò wà lórí ìwé ni.

Mo fẹ́ kí Afètòsílẹ̀ mọ ohun kan tí àwọn onímọ̀ kì í sábà kọ. Nínú oko kòkó wa, ìrókò àti àfàrà máa ń hù fúnra wọn, kòkó sì fẹ́ràn ìbòji wọn níwọ̀n. Bí igi náà bá tó gé, ìjọba ló ni ín. Agégẹdú á gba ìwé àṣẹ láti ìlú, á wá gé e, igi á wó lu ogún tàbí ọgbọ̀n igi kòkó tó ń so, àgbẹ̀ á sì gba owó tí kò lè ra àpò ajílẹ̀ kan, tàbí kó má gba nǹkan kan. Nítorí náà, nígbà tí ìrókò bá ṣì kéré bí ọwọ́, àgbẹ̀ tó gbọ́n á bó èèpo ìdí rẹ̀ yíká, á jẹ́ kó gbẹ. Bàbá mi ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ rẹ̀ náà sì mọ ìdí tó fi ṣe é. Ẹ̀ ń wá ìrókò tó jìnnà sí ara wọn, tí kòkòrò kò lè pa: inú oko kòkó wa ló wà! Ẹ jẹ́ kí òfin sọ pé àgbẹ̀ tó tọ́jú igi náà ni yóò ní ìpín tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀, kí àmì òòlù má sì lè wá sára igi kankan nínú oko láìsí ọwọ́ àgbẹ̀ náà nínú ìwé. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ẹ ó rí ohun tí yóò wà nílẹ̀.

Lórí ààlà, èrò mi le ju bí ẹ ṣe lè rò lọ. Kí wọ́n ka gbogbo oko tó wà nínú igbó báyìí, kí wọ́n ya àwòrán wọn, kí wọ́n fún àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ ní ìwé tó ní ọdún lórí, pẹ̀lú àdéhùn pé wọn kò ní fẹ̀ ẹ́ sí i. Ẹni tó bá tún ṣán igbó tuntun lẹ́yìn ọjọ́ náà, kí wọ́n mú un, ìbáà ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Àwa tí a ti wà níbẹ̀ mọ ẹni tó wọlé lánàá ju ẹ̀ṣọ́ lọ. Bí erin bá sì jẹ oko ẹnìkan lóru, kí ibì kan wà tí yóò gbé ẹjọ́ lọ, tí wọ́n á sì san nǹkan fún un kí ìkórè tó dé, nítorí ẹni tí erin ti ba oko rẹ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ni yóò fi ọ̀nà han oníbọn.

Amòfin Ilẹ̀ dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n Olóko Kòkó, ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ yìí. Tèmi yóò kúrú, ṣùgbọ́n bí a bá fò ó, gbogbo ìyókù kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, igbó ọba sì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀. Òfin ètò ìlú àti ìgbèríko ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní 1992, ṣùgbọ́n ní 2003 Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé ọ̀rọ̀ ètò ìlú àti ìgbèríko jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún ọ, Afètòsílẹ̀, ni pé kò sí ọ́fíìsì kankan ní Àbújá tó lè pàṣẹ ètò kan ṣoṣo fún Ògùn, Òǹdó àti Ọ̀ṣun. Ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bá ara wọn ṣe àdéhùn, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kọ̀ọ̀kan sì sọ ọ́ di òfin ní tirẹ̀, pẹ̀lú máàpù kan náà tí nọ́ńbà GPS (nọ́ńbà tó ń fi ibi tí nǹkan wà gan-an hàn) ti gbogbo igun ààlà wà lára rẹ̀. Àdéhùn tí àwọn gómìnà kàn fọwọ́ sí níwájú kámẹ́rà kì í kọjá ìdìbò tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀nà mìíràn ni pé kí ìjọba àpapọ̀ sọ apá kan di ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè, bí wọ́n ti ṣe fún Okomu ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó ní 1999. N kò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó yí Okomu ká: oko rọ́bà àti oko ọ̀pẹ ti gba púpọ̀ nínú igbó ọba tó yí ọgbà náà ká tẹ́lẹ̀, igbó inú ọgbà sì dá wà. Ààbò tó dúró ní etí ọgbà kò ṣe iṣẹ́ tí ètò ìlò ilẹ̀ yẹ kó ṣe fún gbogbo agbègbè. Gbólóhùn tí mo máa ń rọ àwọn tó ń kọ irú àbá yìí láti fi sí i ni pé gómìnà kò gbọdọ̀ yọ ilẹ̀ kankan kúrò nínú igbó ọba, yálà fún ilé iṣẹ́ ni tàbí fún oko ńlá, láìjẹ́ pé ilé aṣòfin jókòó lé e ní gbangba, tí a sì fi ilẹ̀ tó fara kan igbó kan náà rọ́pò rẹ̀.

Afètòsílẹ̀ padà béèrè pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ ti yí àbá mi padà láti ìsàlẹ̀. Ohun méjì ló ṣì kù fún mi. Ẹ̀gbọ́n Àtíòro, báwo ni bèbè odò tí a kò ní fọwọ́ kàn yóò ṣe fẹ̀ tó? Bàbá, ẹ kò tíì dáhùn ìbéèrè mi lórí owó ẹ̀ṣọ́.

Ẹyẹ Àtíòro dáhùn:

Fún àwọn ìṣàn omi kéékèèké tó ń lọ sínú odò, 50 mítà ní apá kọ̀ọ̀kan lè tó láti pa omi mọ́. Fún odò ńlá tí ẹran yóò máa gbà kọjá láti igbó kan sí èkejì, má ṣe gbà kí ó dín sí 500 mítà ní apá kọ̀ọ̀kan, níbi tí ilẹ̀ bá sì wà, kí ó jẹ́ kìlómítà kan. Mo mọ̀ pé ìyẹn yóò kan àwọn oko kòkó kan. Níbẹ̀, kòkó tó wà lábẹ́ igi ńlá, irú èyí tí ẹ̀gbọ́n wa sọ, lè dúró gẹ́gẹ́ bí apá ọ̀nà náà. Ẹran ń gba inú rẹ̀ kọjá lóru. Oko tí kò ní igi ìbòji rárá ni n kò fẹ́ níbẹ̀.

Ògbó Aṣọ́gbó dáhùn:

Kìlómítà kan ní apá kọ̀ọ̀kan ti pọ̀ jù lójú mi, torí pé ohun tí ẹ̀ṣọ́ kò bá lè rìn yí ká kò sí ní ìṣọ́. Èmi yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 500, n ó sì rí i pé ó dúró. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwọn tó kéré sí mi yanjú ìyẹn.

Ní ti owó, inú oko igi ló yẹ kó ti wá. Fún gbogbo gẹdú melina tàbí tíìkì tí òòlù bá kàn, kí ìdá kan nínú owó rẹ̀ lọ tààrà sí àpò tí a yà sọ́tọ̀ fún owó oṣù ẹ̀ṣọ́ àti fún títún igi gbìn, kí ó má kọ́kọ́ gba inú àpò gbogboogbò ìjọba kọjá, nítorí ohun tó bá wọ ibẹ̀ kì í jáde lásìkò òjò tí a fẹ́ gbin igi. Kí a gba ìdajì àwọn ẹ̀ṣọ́ náà láti abúlé tó wà nínú igbó, pẹ̀lú àwọn ọdẹ àtijọ́ tó mọ ipa ẹsẹ̀ erin. Kí ìwé ìnáwó rẹ̀ wà lára pátákó ní J4, ìletò tó wà nínú igbó Omo, àti ní gbogbo ibùdó ẹ̀ṣọ́, kí onígẹdú tó san owó náà lè kà á.

Kí o tó ya máàpù rẹ parí, dúró de ẹ̀ẹ̀rùn, kí o mú ọdẹ kan, àgbẹ̀ kan àti agégẹdú kan dání, kí ẹ jọ rin ààlà Omo àti Oluwa pẹ̀lú ẹ̀rọ GPS. Níbi tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti ń jiyàn, kọ nọ́ńbà ibẹ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni kí àwọn ìpínlẹ̀ ti kọ́kọ́ jókòó.